Bí Ẹ Ṣe Lè Ya Máàpù Ewu Ibà fún Àdúgbò Yín Kí Ẹ Tó Náwó

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Bàrígà dá owó jọ láti bá ẹ̀fọn jà. Lándílọ́ọ̀dù dá, ayálégbé dá. A ra oògùn, a gba ẹni tó ní ẹ̀rọ, a sì fọ́n ọn sí gbogbo gọ́tà tó wà lójú títì wa ní alẹ́ Sátidé kan. Èéfín bo gbogbo ilé. Lóòótọ́, yànmùyánmú rọlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà sí ilé ìlera alábọ́dé tó sún mọ́ wa lóṣù tó tẹ̀ lé e, iye ọmọ tí àyẹ̀wò bá kòkòrò ibà lára wọn kò yí padà. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń wá." Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ará òpópónà tí a fọ́n oògùn sí. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kì, lẹ́bàá ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó iyanrìn dí, ni wọ́n ti ń wá. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí ibẹ̀ nígbà tí a ń pín oògùn.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ máàpù ní òkúnkúndùn. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, fún ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù, fún nọ́ọ̀sì tó ń dá ìwé rẹ̀ tọ́jú, àti fún ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò tó sì fẹ́ràn àdúgbò rẹ̀. Páálí, bírò aláwọ̀ mẹ́ta àti fóònù kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí Èkó fi nílò máàpù

Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ibà lọ́dún 2021, bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jọ káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bíi 22 nínú wọn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá kòkòrò ibà lára wọn. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí tiwọn kéré jù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní nígbà náà kò sí wàhálà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ibi tí ibà ti gba gbogbo ìlú, ibikíbi tí èèyàn bá gbé nẹ́ẹ̀tì lọ, yóò bá ẹni tó nílò rẹ̀ pàdé. Ní Èkó, ńṣe ni ibà sá pamọ́ sí ojú kan níhìn-ín, ojú kan lọ́hùn-ún: ẹ̀bá ọ̀sà, etí odò, ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, oko ẹ̀fọ́ lẹ́bàá ọ̀nà. Bí a bá pín owó dọ́gba-dọ́gba káàkiri, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ṣòfò, àwọn ọmọ tó wà lójú kan yẹn yóò sì máa ṣàìsàn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fojú ilẹ̀ wá ibà ní Èkó. William MacGregor, gómìnà tó wà níbí láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn, MacGregor sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ kíákíá. Ó ń pín kúníìnì, ó sì mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa omi irà tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe kánààlì tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Ẹ ò lè gbẹ́ kánààlì bí kò bá yé yín ibi tí omi dúró sí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ohun tí máàpù náà máa ṣe fún yín

Kí ẹnikẹ́ni tó jáde, ẹ jókòó, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí máàpù dáhùn sílẹ̀. "A fẹ́ mọ ibi tí ibà wà" kò tó. Ìbéèrè gidi dà bí èyí: owó wa tó oògùn tanwíji (ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé inú omi) fún kòtò ogún péré, kòtò wo ni? Ìjọba fẹ́ fún wa ní nẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, òpópónà wo ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà? Ilé ìwòsàn wo ni kíìtì àyẹ̀wò máa ń tán níbẹ̀ nígbà òjò? Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí ẹ máa ṣe yàtọ̀ lẹ́yìn tí máàpù bá jáde, ẹ má tíì yà á.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ilé ìwòsàn, ẹ má gba gbogbo "ibà" gbọ́

Níbi yìí ni èdè wa fúnra rẹ̀ ti ń fa ìṣòro. Ara gbígbóná, ibà ni. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ibà ni. Ibà pọ́njú, ibà ni. Èyí tí ẹ̀fọn ń gbé wá, ibà náà ni. Bí ìyá kan bá sọ pé "ibà ló ń ṣe ọmọ mi," ohun tó mọ̀ ni pé ara ọmọ gbóná. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sórí máàpù, máàpù ara gbígbóná lẹ ní lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò ibà wà lára rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fi sí i, yálà àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe, tàbí èyí tí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tí a sábà ń lò lè ṣì máa fi ibà hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ti yá. Ẹni kan náà tó bá padà wá láàárín oṣù kan, ẹ má kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bẹ àwọn tó ni ìwé. Ẹ mú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ àti láti ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ má sì ṣe kọ orúkọ aláìsàn kankan sínú ìwé yín. Ohun tí ẹ nílò kò ju méje lọ: ọjọ́ tó wá, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, èsì àyẹ̀wò, ibi tó ń sùn, bóyá ó ti oko tàbí ìlú mìíràn dé láàárín oṣù kan, àti bóyá ó lóyún.

Ibi tó ń sùn ni mo tẹnu mọ́ jù lọ. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà, òru ló ń jẹni, ọ̀gànjọ́ sí ìdájí ló sì le jù. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ní Àkókà tó sì ń sùn ní Ìlàjẹ, Ìlàjẹ ni kẹ́ ẹ fi àmì rẹ̀ sí. Mo ti rí ìwé tó jẹ́ pé "Bàrígà" nìkan ni wọ́n kọ síwájú orúkọ ogójì èèyàn. Kò wúlò rárá. Ní àdúgbò tí ilé kò ní nọ́ńbà, ẹ bá nọ́ọ̀sì ṣètò kó máa béèrè báyìí: "Mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wo ló sún mọ́ yín? Bí ẹ bá jáde nílé, kí lẹ kọ́kọ́ máa rí lọ́wọ́ ọ̀tún?" Èèyàn á dáhùn kíákíá, ẹ̀yin náà á sì mọ ibẹ̀. Àwọn kan máa ń fi àdírẹ́sì àbúrò wọn sílẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé a kò ní tọ́jú wọn bí wọn kì í bá ṣe ará wọ́ọ̀dù náà. Kí nọ́ọ̀sì fi dá wọn lójú pé a ó tọ́jú wọn.

Ìbéèrè ìrìn-àjò náà ṣe kókó. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ara tó gbóná, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn Iléyá, lẹ́yìn Kérésìmesì, lẹ́yìn ìsìnkú ní ìlú baba ẹni, ẹ máa rí àwọn tó gbé ibà wọlé láti òde. Ẹ fi àwọ̀ mìíràn sàmì wọn. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó kó o níbí, ẹ lè fọ́n oògùn sí òpópónà tí kò ní ẹ̀fọn ibà kan ṣoṣo.

Ilé ìwòsàn nìkan kò sì tó. Kẹ́míìsì ni púpọ̀ nínú wa ń sáré lọ. Ẹ lọ bá àwọn oníkẹ́míìsì tó wà ní àdúgbò, ẹ béèrè iye páálí oògùn ibà tí wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kọ àdúgbò tí oníbàárà ti wá sílẹ̀. Ẹ má ka ìyẹn sí ibà tó dájú, nítorí kò sí àyẹ̀wò níbẹ̀. Ó kàn máa sọ fún yín ibi tí ẹ̀yin kò tíì dé.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ rìn ín

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ìrìn yìí máa ń gbà ní wọ́ọ̀dù kan. Ẹ lọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ àdúgbò tí àwọn èèyàn mọ̀. Àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ sọ́mọ lẹ́nu láti ilé dé ilé ti rin gbogbo kọ̀rọ̀ yìí ṣáájú yín. Ẹ wá wọn kàn ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ìwé tí orúkọ àdúgbò àti iye ilé wà nínú rẹ̀. Èmi kò tíì rí ìwé tó péye ju tiwọn lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù, KoboToolbox, áàpù tí a fi ń kọ ìsọfúnni sílẹ̀, kì í gbowó fún irú iṣẹ́ yìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé, yóò fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá padà débi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Ẹ tan GPS, ẹ dúró níta gbangba fún ìṣẹ́jú kan kó lè rí ibi tí ẹ wà dáadáa. Láàárín ilé gíga ní Ṣómólú, ó lè ṣìnà lọ sí òpópónà kejì. Bí ẹ kò bá ní fóònù bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ àwòrán àdúgbò yín jáde láti OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi bírò sàmì sí i. Iṣẹ́ náà kò dínkù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ohunkóhun sára ògiri ẹnikẹ́ni. Ní Ìlàjẹ, ìyá àgbà kan rí wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó dìde lórí àpótí tó fi ń yan ẹja, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ wó ilé mi ni?" Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Rárá o, ìyá wa, ẹ̀fọn là ń wá." Kò gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀. Ta ló lè bá a wí? Ní Èkó, ẹni tó bá rí X pupa lára ilé mọ ohun tó ń bọ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n wó ilé lórí omi ní Makoko, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀sà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá báálẹ̀, ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ kí ìkéde jáde ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Ẹ sì ṣèlérí ohun tí ẹ lè mú ṣẹ: pé máàpù náà kò ní fi ilé ẹnì kan hàn, àti pé kò ní dé ọwọ́ ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo inú omi

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun gan-an ló sì ń ya máàpù gidi sọ́tọ̀.

Ẹ̀fọn tó ń yọ wá lẹ́nu jù lọ ní Èkó, tó ń kùn létí wa, inú gọ́tà dúdú ló sábà ń bí sí. Culex ni wọ́n ń pè é, kì í gbé ibà. Èyí tó ń gbé ibà, Anopheles, omi tí kò jìn, tí oòrùn ń tàn sí, tó sì mọ́ díẹ̀ ló fẹ́ràn jù: ojú ọ̀nà tí táyà ọkọ̀ ti gbẹ́, kòtò oníbúlọ́ọ̀kì, omi tí wọ́n dá dúró sórí dẹ́kìn kí kọ́ńkéré má baà sán, kànga kékeré tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń bu omi nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀, Anopheles melas, tún lè gbé inú omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà. Ẹ má sì rò pé gọ́tà kò kàn yín rárá: àwọn onímọ̀ ti rí tanwíji Anopheles nínú omi ìdọ̀tí níbí ní Èkó. Ohun tó lè dá yín lójú ni kí ẹ bù ú, kí ẹ wò ó.

Ẹ wá ìgbákọ funfun tàbí abọ́ funfun tó ní ọwọ́ gígùn. Ẹ dúró níbi tí òjìji yín kò ní bo omi, nítorí bí òjìji bá kọjá, tanwíji á rì sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ tẹ etí ìgbákọ náà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí koríko ti kan omi, kí omi fúnra rẹ̀ ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá ní kòtò kọ̀ọ̀kan, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní kòtò oníbúlọ́ọ̀kì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kẹta tí a bù ú ni a rí wọn. Omi náà pọ́n díẹ̀ nítorí yẹ̀pẹ̀, ó sì gbóná lọ́wọ́. Tanwíji mẹ́fà ló wà nínú abọ́ funfun náà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aṣọ, wọ́n na gbalaja lójú omi bí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ẹ rántí ìyẹn. Tanwíji Culex ní ihò tí ó fi ń mí ní ìdí, nítorí náà ó máa ń dorí kodò, ìdí rẹ̀ á kan ojú omi, orí rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Èyí tó na gbalaja ni tiwa. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń po sìmẹ́ǹtì wá wò ó, ó ní ojoojúmọ́ lòun ń bu omi níbẹ̀, òun kò mọ̀ pé ohun tó ń mira nínú rẹ̀ ló ń pa ọmọ.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀ fún kòtò kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà kòtò, irú omi, bóyá oòrùn ń tàn sí i, iye tanwíji tó na gbalaja, iye tó dorí kodò, ẹni tó ni ilẹ̀, àti bóyá a lè dí i tàbí fa omi rẹ̀. Kòtò tí ẹ bù tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ kọ òun náà sílẹ̀. "A wò ó, kò sí" yàtọ̀ sí "a kò débẹ̀."

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi iye èèyàn pín in

Ẹ jẹ́ ká ní àdúgbò kan ní èèyàn 20,000, aláìsàn ibà 40 sì ti ibẹ̀ wá lóṣù kan. Àdúgbò kejì ní èèyàn 3,000, aláìsàn 15. Bí ẹ bá wo iye nìkan, ti àkọ́kọ́ ló le. Ẹ pín in: àkọ́kọ́ jẹ́ 2 nínú ẹgbẹ̀rún, èkejì jẹ́ 5 nínú ẹgbẹ̀rún. Èkejì ni ibà ti ń jà.

Ẹ tún wo ìdá àwọn tí àyẹ̀wò bá ibà lára wọn. Bí ilé ìwòsàn kan bá yẹ 200 wò tó sì rí 60, ìyẹn jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òmíràn bá yẹ 400 wò tó sì rí 20, ìyẹn jẹ́ 5. Ilé ìwòsàn tí kíìtì tán lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò dà bí ẹni pé kò ní ibà, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí kíìtì tán, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà.

Iye èèyàn gan-an ṣòro. Ọdún 2006 ni wọ́n ka àwa ará Nàìjíríà kẹ́yìn, Èkó sì ti kún gan-an láti ìgbà náà. Ẹ lo ìfojúdá GRID3, ètò tó ń fi iye èèyàn sórí máàpù, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí iye ilé láti ọ̀dọ̀ àwọn oníkán-oògùn, kí ẹ fi iye èèyàn tó ń gbé ilé kan ní àdúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀. Kí gbogbo àdúgbò ṣáà jẹ́ pé ọ̀nà kan náà lẹ gbà ṣírò wọn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yà á

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kì í gbowó. Ẹ kó àwòrán OpenStreetMap sísàlẹ̀, ẹ to àdúgbò lórí rẹ̀ ní àwọ̀ gẹ́gẹ́ bí iye aláìsàn nínú ẹgbẹ̀rún, lẹ́yìn náà ẹ fi àmì kòtò kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ yí kòtò tí ẹ ti rí tanwíji Anopheles ká pẹ̀lú òbìrí tí etí rẹ̀ jìnnà sí kòtò náà tó kìlómítà kan. Ẹ̀fọn yìí lè fò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láàárín ìlú tí oúnjẹ rẹ̀ kún inú ilé gbogbo, kò sábà lọ jìnnà.

Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ gbé àwòrán títẹ̀ sórí tábìlì, ẹ fi ike tí a lè rí inú rẹ̀ bò ó. Ẹ fi bírò ya ibi tí aláìsàn wà sórí ike kan, ẹ ya kòtò sórí ike kejì. Ẹ gbé wọn lé ara wọn. Mo ti rí i tí ipàdé ìgbìmọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tí ike kejì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dókítà John Snow ṣe ní Lọ́ndọ̀nù lọ́dún 1854, nígbà tó sàmì ilé àwọn tí kọ́lẹ́rà pa yí ẹ̀rọ omi Broad Street ká. Broad Street tiwọn ni mò ń sọ, kì í ṣe tiwa ní Erékùṣù Èkó.

Máàpù tí ẹ máa fi han gbogbo èèyàn, ẹ má fi àmì ilé aláìsàn sí i. Òpópónà tàbí àdúgbò nìkan ni kó wà níbẹ̀. Èyí tó ní àmì kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé nìkan ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ pín iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí máàpù ṣe sọ

Ibi tí aláìsàn pọ̀ tí tanwíji Anopheles sì wà: ibẹ̀ ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé pípa tanwíji nínú omi dára níbi tí omi náà kò pọ̀, tí kì í ṣípò, tó sì rọrùn láti rí. Kòtò oníbúlọ́ọ̀kì bá gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Èyí tó bá ṣe é dí, ẹ dí i. Èyí tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹnì kan wà nínú rẹ̀, ẹ lo oògùn tanwíji tí wọ́n ń pè ní Bti, tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Kò ń pa ẹja, kò sì ń pa èèyàn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú omi, ẹ máa ní láti padà sí i lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da òróró mọ́tò àlòkù sínú omi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Ọ̀sà ni omi náà ń ṣàn lọ, inú ọ̀sà yẹn náà la ti ń pa ẹja tí à ń jẹ.

Ibi tí aláìsàn pọ̀ tí ẹ kò rí omi: ẹ tún un rìn. Ẹ gun òrùlé ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Ẹ béèrè ìrìn-àjò wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ béèrè ẹni tó ń fi òru ṣiṣẹ́: mégáàdì, oníbúrẹ́dì, àwọn tó ń já ọjà lóru ní Mile 12. Ẹni tó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ní Bàrígà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ lè jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́.

Ibi tí tanwíji wà tí aláìsàn kò sí: ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ sì ṣàyẹ̀wò bóyá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í lọ sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti gba ìwé ni.

Ibi tí méjèèjì kò sí ló le jù fún èmi. Lándílọ́ọ̀dù àgbà tó dá owó tó pọ̀ jù lọ lè jẹ́ ẹni tí òpópónà rẹ̀ kò ní gba nǹkan kan. Ẹ má parọ́ fún un, ẹ má sì fọ́n oògùn díẹ̀ síbẹ̀ láti tù ú nínú. Ẹ gbé máàpù lọ bá a nílé, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, "Bàbá, ọmọ tó ń ṣàìsàn lẹ́yìn ibi ìmọ búlọ́ọ̀kì yẹn, kíláàsì kan náà ni òun àti ọmọ-ọmọ yín wà." Àwọn kan bínú. Ó yé púpọ̀ nínú wọn ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n sì fi owó kún un.

Nẹ́ẹ̀tì: ẹ má béèrè bóyá wọ́n ní in nìkan. Ẹ wọlé, kí ẹ béèrè ta ló sùn sábẹ́ rẹ̀ lánàá, ẹ wo ihò ara rẹ̀. Ẹ̀fọn Èkó ti ń lágbára ju oògùn inú nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ, nítorí náà, bí ìjọba bá bi yín léèrè, ẹ béèrè fún èyí tó ní PBO, èròjà tó ń mú kí oògùn inú nẹ́ẹ̀tì lágbára sí i.

Aboyún: ẹ sàmì gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, títí kan ilé àgbẹ̀bí ìjọ àti àgbẹ̀bí ìbílẹ̀. Aboyún gbọ́dọ̀ lo oògùn SP, tó ń dènà ibà, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán láti oṣù kẹrin oyún lọ, pẹ̀lú àlàfo oṣù kan-kan. Àwọn tí kò lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ló sábà máa ń pàdánù rẹ̀, máàpù yóò sì fi ibi tí wọ́n wà hàn yín.

Kòtò tó ju agbára yín lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ so máàpù mọ́ ọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà kòtò, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ rí tanwíji níbẹ̀, àti iye ọmọ tó ṣàìsàn láàárín kìlómítà kan sí i. Lẹ́tà tó sọ báyìí kì í rọrùn láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi kàlẹ́ńdà òjò ṣètò rẹ̀

Ní Èkó, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní March tàbí April, ó ń le jù ní June, ó ń sinmi díẹ̀ ní August, ó sì ń padà ní September àti October. Tanwíji ń di ẹ̀fọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kòkòrò ibà tún nílò bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ikùn ẹ̀fọn, lẹ́yìn náà bí ọ̀sẹ̀ méjì nínú ara èèyàn. Nítorí náà, ilé ìwòsàn máa ń kún ní oṣù kan sí méjì lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹni tó bá dúró kí ilé ìwòsàn kún kó tó jáde ti pẹ́.

February ni mo fẹ́ràn jù láti rìn. Omi tó bá ṣì wà nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ibà ti ń sá pamọ́ de òjò. Wọn kò pọ̀, ẹ lè fi owó díẹ̀ bá gbogbo wọn jà. Bí ẹ bá wà ní Ketu, Agboyi, Mile 12 tàbí Ìsherì, ẹ tún ìrìn kan fi kún un nígbà tí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Òyán sílẹ̀ tí odò Ògùn sì kún yín. Ìgbà tí omi náà bá ń fà sẹ́yìn gan-an ni kẹ́ ẹ jáde, nítorí omi tó ń sáré máa ń gbá tanwíji lọ, ṣùgbọ́n èyí tó fi sílẹ̀ nínú kòtò lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀fọn ń fẹ́.

Ní November, ẹ padà sí gbogbo nọ́ńbà kòtò tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Kí ó jẹ́ ìgbákọ kan náà, ẹni kan náà ni kó bù ú, ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kí ìwé àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín. Oníbúlọ́ọ̀kì wa ti dí kòtò rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, a fa ìlà lé nọ́ńbà rẹ̀ lórí máàpù. Ó ti gbẹ́ òmíràn lẹ́yìn òkìtì iyanrìn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń po sìmẹ́ǹtì ló fi hàn wá kí a tó béèrè. Ó ti bu omi rẹ̀ sínú ike àtẹ́lẹwọ́ kan ṣáájú, ó gbé e síwájú wa nínú oòrùn, ó ní, "Ẹ wò ó, mélòó ló na gbalaja?" Mẹ́rin ni. A fún kòtò náà ní nọ́ńbà 23.